DÁ A SÍ NÍ ỌDÚN YÌÍ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Lúùkù 13:6–9, Diutarónómì 22:8

   

Ọ̀rọ̀ igi ni mo mú wá ní ìgbà yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní, "Ìyá Tíṣà tún ti dé, ṣé ilé ìwé ni a wà ni?" Ẹ forí jì mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àṣà náà kò tíì kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ewé àti gbòǹgbò nìkan ni. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

OHUN TÍ MO ṢE

Ní ọdún 1984, nígbà tí a bí àkọ́bí wa, bàbá àwọn ọmọ mi gbin kóró máńgòrò kan sí ẹ̀yìn ilé wa ní Surulere. Kóró náà hù, ó dàgbà, ó di igi ńlá tí ó ṣíji bo àgbàlá. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn ní ìrọ̀lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni kíláàsì wa ti máa ń ṣe ìpàdé nígbà tí iná bá lọ tí ooru bá mú nínú ilé. Abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn ẹbí jókòó sí ní ọjọ́ tí a sin bàbá tí ó gbìn ín.

Ṣùgbọ́n igi ní wàhálà tirẹ̀. Ewé rẹ̀ ń kún gọ́tà. Àwọn ọmọdé ń sọ òkò sí èso, òkò ń bà lé páànù. Ó rẹ̀ mí láti máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọdún 2016, nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àwọn ọmọ ní kí a tún ilé ṣe kí ojú má baà tì wá níwájú àna. Mo gbà. A pe àwọn agégi. Ohun tí Ọlọ́run fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n dá, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gé e lulẹ̀. Lẹ́yìn náà a da sìmẹ́ǹtì, a to íńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. A kò fi àyè tí eèrà lè gbà wọlẹ̀ sílẹ̀. Ilé mọ́ tónítóní. Àwọn àlejò yìn ín, èmi náà sì yọ̀. Mo ní n kò ní gbá ewé mọ́ láyé mi.

Ó di oṣù Keje ọdún 2017. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní òru, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá kan wà ní ojúlé kejì sí wa tí ó ń din àkàrà tà. Opó ni bí tèmi, mùsùlùmí ni, ó ní ọmọ mẹ́ta, yàrá kan ni ó gbà. Ilé tí yàrá náà wà rẹlẹ̀ ju ilé wa lọ. Omi tí ilẹ̀ àgbàlá mi ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́ kò rí ibi wọ̀ mọ́. Ó sáré gba abẹ́ géètì, ó tú sínú yàrá rẹ̀. Àpò ẹ̀wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bàjẹ́. Ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ rin gbindin. Orí àga ni àwọn ọmọ náà dúró sí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ ó kan géètì mi. Mo rò pé ìjà ni ó bá wá, mo sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, aṣọ rẹ̀ tutù títí dé ìbàdí. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi yín wọ ilé mi."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó padà lọ máa gbọ́n omi.

Omi yín. Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ méjì yìí kò kúrò létí mi títí di òní. Èmi ń pè é ní òjò Ọlọ́run. Òun pè é ní omi mi. Òun ni ó sì jàre.

BÍ Ó ṢE RÍ BẸ́Ẹ̀

Ó dùn mí jù nítorí pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì láìmọye ìgbà. Bí òjò bá ń rọ̀, ewé igi ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Òjò kò ní lu ilẹ̀ pẹ̀lú agbára; díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kán sílẹ̀. Gbòǹgbò ti la ilẹ̀, ekòló àti eèrà ti gbẹ́ ihò sí i, omi yóò sì wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Bí oòrùn bá dé, igi yóò fa omi náà sókè, yóò sì mí i jáde láti ara ewé. Ìdí nìyí tí abẹ́ igi fi ń tutù ju abẹ́ páànù lọ, bí òjìji méjèèjì tilẹ̀ jọra lójú.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi sìmẹ́ǹtì dé ilẹ̀ lẹ́nu, kò sí ohun tí ilẹ̀ lè mu. Ní ọ̀sán sìmẹ́ǹtì yóò gba ooru oòrùn pamọ́, ní òru yóò máa tú u sí wa lára. Ní ìgbà òjò, gbogbo omi orí rẹ̀ yóò wá ẹni tí ilé rẹ̀ rẹlẹ̀ jù lọ. Èkó sì nìyí, tí òjò ti ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, tí òmíràn tún ń tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Àwọn tí wọ́n wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 kò lè gbàgbé òjò ọjọ́ náà. Bí ilé kan bá fi sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá, ó lè dà bí ohun kékeré. Bí gbogbo ilé ní Surulere, Yàbá àti Mushin bá ṣe bẹ́ẹ̀, àdúgbò di odò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Diutarónómì 22:8. Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnìkan má baà ṣubú láti orí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí ilé náà. Mo ti ka ibẹ̀ rí tí n kò dúró. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí ilé mi bá pa ẹlòmíràn lára, n kò lè wí pé inú ọgbà mi ni mo wà. Ọlọ́run yóò béèrè lọ́wọ́ onílé ohun tí ilé rẹ̀ ṣe sí aládùúgbò. A máa ń kọ́ nípa ìfẹ́ aládùúgbò ní ọjọ́ Ìsinmi. N kò rò ó rí pé ó kan gọ́tà àti íńtálọ́ọ̀kì.

OLÙTỌ́JÚ ỌGBÀ

Nísinsìnyí ẹ bá mi ṣí Lúùkù orí kẹtàlá. Ọkùnrin kan gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ sínú ọgbà àjàrà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń wá èso lórí rẹ̀, kò rí. Ó ní kí wọ́n gé e, nítorí pé ó kàn ń gba ilẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ pé kí olúwa òun dá igi náà sí ní ọdún yìí pẹ̀lú, òun yóò gbẹ́ ìdí rẹ̀ yíká, òun yóò sì fi ìlẹ̀dú sí i.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí igi ni Olúwa wa ṣe pa òwe yìí. Ọkàn ènìyàn ni, ìrònúpìwàdà ni. Àǹfààní tí a fún ènìyàn kò sì wà títí láé. Ọdún kan péré ni olùtọ́jú ọgbà tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó sọ. Kò ní kí a dá igi sí kí òun lè lọ sùn. Ó ní òun yóò gbẹ́ ilẹ̀, òun yóò gbé ìlẹ̀dú. Àánú tirẹ̀ ní ọkọ́ lọ́wọ́.

Ìgbà tí mo kà á ní ọ̀sẹ̀ tí omi wọ ilé ìyá alákàrà ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo ti gé igi tí ó ń so èso ní ọdọọdún nítorí ewé. Ẹni tí kò ń so èso gan-an, èmi ni. Mo jẹ́ adarí kíláàsì, mo ń gbàdúrà gígùn, síbẹ̀ opó kan dúró sínú omi nítorí kí àna mi lè yìn mí. Obìnrin náà lè bú mi ní gbangba. Ó lè pe gbogbo àdúgbò jọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá mi sí. Ọlọ́run lo mùsùlùmí aládùúgbò mi láti fún mi ní ọdún kan sí i.

ÌJỌ TÍ A BÍ LÁBẸ́ IGI

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ibi tí a ti wá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, òun àti William de Graft. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ìjọ Elétò wa ti wí, abẹ́ igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Agia ni ó ti wàásù. Igi náà wà níbẹ̀ títí di ọdún 1959, nígbà tí ìjì wó o. A kò ní ilé ìjọ kankan ní ọjọ́ náà, a kò ní dùùrù, a kò ní aṣọ ẹgbẹ́. Òjìji igi ni ó gbà wá ní àlejò.

Ta ni Freeman? Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó di ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ni ó ń ṣe fún ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Òyìnbó. Ọwọ́ tí ó mọ ọkọ́ àti ìlẹ̀dú ni Ọlọ́run rán sí wa. Ó kú ní ọdún 1890, ìjọ tí ó gbìn sì wà síbẹ̀.

Orúkọ àdúgbò wa pàápàá ń sọ̀rọ̀ igi. A ní Ìdí-Àràbà, a ní Ìdí-Òro. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń sọ pé láti ara èso ìṣin tí wọ́n ń ká níbẹ̀ ni orúkọ Mushin ti wá. Bí ọmọ ọmọ mi bá béèrè pé, "Màmá àgbà, àràbà dà?" kí ni n ó sọ? Orúkọ nìkan ni ó kù.

ÀWỌN OBÌNRIN TÍ WỌ́N GBIN IGI

Má ṣe sọ pé, "Kí ni agbára obìnrin?" Dèbórà jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ láti ṣe ìdájọ́ Ísírẹ́lì. Ní ìgbà tiwa, ìyá kan wà ní ilẹ̀ Kenya, Wangari Maathai. Ó rí i pé igi ìdáná ti jìnnà sí àwọn obìnrin abúlé, odò ń gbẹ, ilẹ̀ ń ṣí lọ. Inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1977, wọ́n gbin igi méje ní Nairobi. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dàgbà, títí igi tí wọ́n gbìn fi di àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀. Ní ọdún 2004 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ó kú ní ọdún 2011.

Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa mú lò. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin náà lórí igi kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó nítorí pé a gbìn ín. Igi tí ó bá yè ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Gbígbìn rọrùn. Gómìnà lè gbin igi kan kí a ya fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ kejì ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Láti ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bomi rin ín ní oṣù Kejìlá nígbà tí ọyẹ́ bá dé?

BÍ A Ó TI ṢE É

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Igi máa ń wó pa ènìyàn." Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2012, ìjì líle jà ní Èkó, ó wó igi, ó ṣí òrùlé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Igi tí ó ti jẹrà nínú, tí ó ti fì sórí ilé, ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kí ó gé e. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tún gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo ti kọ́:

1. Ẹ má ṣe gbin igi ńlá mọ́ ògiri ilé, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ihò ìdọ̀tí, tàbí sábẹ́ wáyà iná. Bí àyè bá kéré, ẹ gbin gúáfà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ewúro.

2. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ tó o.

3. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti kú kí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó dé.

4. Bí a bá fẹ́ to íńtálọ́ọ̀kì, kí a fi àyè ilẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ògiri ọgbà, kí a gbin koríko tàbí òdòdó síbẹ̀, kí omi rí ibi wọ̀.

5. Ewé tí a gbá, kí a má ṣe dà á sí gọ́tà, kí a má sì sun ún. Ẹ kó o sí ìdí igi. Òun ni yóò di ìlẹ̀dú.

ÈSO SÙÚRÙ

Kí ni mo ṣe lẹ́yìn náà? Mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìyá alákàrà, mo kúnlẹ̀ bí àgbà ti lè kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde mà, kí àwọn ọmọ má baà rí yín." Mo ra ẹ̀wà rẹ̀ padà, mo ra ìwé àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà mo pe bíríkìlà, mo ní kí ó hú íńtálọ́ọ̀kì ní ẹ̀bá ògiri yíká, àti níwájú géètì. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn ọmọ mi náà bínú, owó wọn ni. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, omi tí ó gba abẹ́ géètì kò tó nǹkan, ìyá alákàrà sì sùn lórí ibùsùn rẹ̀.

Mo gbin àgbálùmọ̀ sí àárín ibi tí máńgòrò wà tẹ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ kú ní ọwọ́ ọyẹ́, èmi ni n kò bomi rin ín. Mo tún gbin èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àgbálùmọ̀ mọ̀ pé kì í kánjú. Èyí tí a fi kóró gbìn lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó so. Tèmi kò tíì so. Ó ti ga jù mí lọ, ẹyẹ sì ti ń bà lé e. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ọmọ mi fún oṣù méjì, ìyá alákàrà ni ó ń bomi rin ín. N kò rán an. Ó ní igi wa ni.

Omi yín ni ó kọ́kọ́ sọ. Igi wa ni ó wá ń sọ báyìí. Ẹ̀yin ìyá mi, èso wo ni mo tún ń wá?

Surulere ni orúkọ ibi tí mo ń gbé. Láti ọdún 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ẹkún. Mo rò pé wọ́n nílò orúkọ náà. Sùúrù ní èrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe sùúrù ẹni tí ó káwọ́ gbera. Sùúrù ẹni tí ó ń gbẹ́ ìdí igi ni. Bóyá n ó jẹ nínú àgbálùmọ̀ náà, bóyá n kò ní jẹ ẹ́. Ẹni tí ó gbin máńgòrò tí mo gé kò jẹ ẹ́ pẹ́ púpọ̀. Àwa ni a jẹ ẹ́.

Ìbéèrè fún ìpàdé kíláàsì:
Níbo ni omi àgbàlá mi ń ṣàn lọ? Ta ni ó ń dúró sínú rẹ̀? Ta ni Ọlọ́run lò láti dá mi sí ní ọdún yìí?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o ń rọ òjò sórí olóòótọ́ àti aláìṣòótọ́, má ṣe gé wa lulẹ̀ nínú ìbínú rẹ. Dá wa sí ní ọdún yìí pẹ̀lú. Gbẹ́ ìdí wa, bí ó tilẹ̀ dùn wá. Jẹ́ kí ilé wa jẹ́ òjìji fún ẹni tí oòrùn ń pa, má sì jẹ́ kí ó di ìkún omi fún opó. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.